Orin Tí Mo Rán Mọ́ Ẹ̀yìn Àga

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orin náà. Ọjọ́ Sátidé ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Títí di oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bí ẹ bá ní kí n búra lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo máa búra.

Ìyàwó mi ló gbé e wọlé. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ fáwọn ilé ìtura ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, òun ló ń lọ aṣọ. Ó há àwo orin kan mọ́ abíyá, tòun ti páálí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí adìyẹ gbé tí wọn ò rí i mú.

"Ẹ gbà, ẹ kà á," ó ní. "Ó wà lẹ́yìn páálí."

Lóòótọ́, ìkọ̀wé wà níbẹ̀, ìlà mẹ́rin, yíǹkì búlúù. Mo tẹjú mọ́ ọn. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà láti òsì lọ sí ọ̀tún bí mo ti máa ń rí i táwọn tó kàwé ń ṣe. Mo mi orí.

"Ó dáa," ni mo wí.

"Ó dáa? Ó tán?"

"Ó dáa gan-an ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò mọ̀wé. Mi ò lè mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. A ti fẹ́ra wa fún ọdún méjì, ìyàwó mi ò sì mọ̀. Nígbà tí mo ń wá a, mo máa ń ká ìwé ìròyìn mọ́ abẹ́ apá. Bó bá bi mí pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, màá ní, "Ọ̀rọ̀ ìjọba náà ni." Kò sí ọjọ́ tí ìdáhùn yẹn ò bá ọ̀rọ̀ mu.

Ó dúró díẹ̀, ó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ló gbé àwo náà sórí ṣéńjà, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo orin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nídìí orin. Iṣẹ́ mi ni àga bíbò. Àga tí aṣọ ara rẹ̀ ti ya, tí sípíríǹgì rẹ̀ ti yọrí síta bí ẹni tó ń wo òde, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Ẹnu la máa ń kó ìṣó wẹẹrẹ sí nídìí iṣẹ́ yìí, kí ọwọ́ kan lè na aṣọ, kí èkejì di òòlù mú. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní Ẹnu-Ìṣó. Kódà, ọjọ́ tí ìyàwó mi kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, tó dédé sọ "Ẹ kú iṣẹ́ o" lẹ́yìn mi, ìṣó kan ni mo gbé mì. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ pé ẹwà ìyá wọn ló fà á.

Orin tí èmi fẹ́ràn ni orin tí èèyàn lè fi kan ìṣó. Gbì, gbì, gbì, gbì. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ máa pariwo, kí àwọn tó ń gbè é máa pariwo dá a lóhùn. Ti ìyàwó mi yìí ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Fèrè kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohùn ọkùnrin kan wá rọra wọlé tẹ̀ lé e bí àlejò tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń gbé. Lọ́jọ́ kejì mo gbìyànjú láti fi kan ìṣó, àtàǹpàkò mi ni mo fi òòlù lù.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé, bí aago mẹ́rin bá ti lù, yóò gbé àwo náà sí i. Kò ní jókòó. Yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéńjà, yóò máa wò mí, bíi pé mo jẹ ẹ́ ní ìdáhùn kan.

"Orin yìí ò dùn," mo sọ ọ́ lọ́sẹ̀ kẹta.

"Ariwo òòlù ló ti kún yín létí."

"Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka gba eruku orí ṣéńjà. "Ó ń rán mi létí ọkùnrin kan tó mọ ijó jó," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ sínú yàrá.

Ẹ tún un kà. Ọkùnrin kan tó mọ ijó jó.

Èmi kì í jó. Gbogbo ayé mọ̀ pé Ẹnu-Ìṣó kì í jó. Bí wọ́n bá ń ṣàríyá, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo máa ń dúró sí, màá máa wo ẹsẹ̀ àga. Ta ló wá ń jó ládùúgbò wa? Ẹnì kan ṣoṣo ni. Aláago ni, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi, tí ó ń fi awò kékeré kan sójú ọ̀tún tún aago àwọn èèyàn ṣe. Bàtà funfun ló máa ń wọ̀. Bó bá ń jó, wọn a ní kí àwọn ọmọdé kúrò lọ́nà kí wọ́n lè wò ó dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni nígbà yẹn.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó ń kọjá lọ lábẹ́ fèrèsé wa nígbà tí orin náà ń dún. Ó dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta síwájú, mẹ́ta sẹ́yìn, ó yí po.

"Orin ńlá nìyí o!" ó kígbe. "Ta ló ni í?"

"Àwa ni!" ìyàwó mi dá a lóhùn láti ojú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Bí owú ṣe rí nìyẹn: ẹni tí kò lè ka ìlà mẹ́rin lè ka ohun tí wọn ò kọ.

Mo mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ wà lẹ́yìn páálí yẹn. Orúkọ Aláago á wà níbẹ̀ ní yíǹkì búlúù. Mo rò ó pé kí n gbé e fún ẹnì kan kà fún mi. Ṣùgbọ́n ẹni náà yóò mọ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé ìyàwó mi ní àlè, àti pé èmi ò mọ̀wé. Ti àkọ́kọ́ ì bá ṣeé fara dà.

Bẹ́ẹ̀, abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni: "Ìyàwó mi, mi ò lè kà á, bá mi kà á." Agídí ò jẹ́.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, a kó lọ sí ilé mìíràn ní òpópónà kan náà, yàrá méjì àti àgbàlá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́, èmi nìkan ló ń di ẹrù. Àwo náà bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo gbé e lé orúnkún láti ṣẹ́ ẹ sí méjì. Mi ò lè ṣe é. Ẹ má ṣe rò pé àánú ni. Ohun tí wọ́n ṣe dáadáa ni, ó tẹ́jú, ó dán, etí rẹ̀ yípo láìsí àlébù, ọwọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kì í dédé ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́. Mo wò yíká. Níwájú mi ni àga tí mo ń ṣe fún ìyàwó mi láti fi kí i káàbọ̀ sílé tuntun: àga tó ní ibi ìgbọ́wọ́lé, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, mi ò tí ì bò ó tán.

Mo ki àwo náà sẹ́yìn àga, tòun ti páálí. Mo fi aṣọ àpò bò ó, mo fi òwú lé e, mo mú abẹ́rẹ́ gígùn tó tẹ̀ bí èékánná, mo rán an pa. Lẹ́yìn náà ni mo fi aṣọ pupa bo gbogbo rẹ̀, mo sì kan ìṣó yí i ká. Láyé mi, mi ò tí ì bo àga kan tó dára tó bẹ́ẹ̀.

"Àwo mi ńkọ́?" ìyàwó mi bèèrè lọ́jọ́ kejì, láàárín àwọn ẹrù.

"Ó fọ́."

"Ó fọ́! Páálí ẹ̀ ńkọ́?"

"Òun náà fọ́."

"Páálí máa ń fọ́?"

"Ó fọ́ pẹ̀lú ẹ̀."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó sínú àga tuntun náà, ó fẹ̀yìn tì í, ó mí kanlẹ̀. "Àga yìí dára o," ó ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ orin náà.

Ìyà mi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo ti rán orin mọ́ àga, ṣùgbọ́n mi ò rán an mọ́ obìnrin. Bó bá ń lọ aṣọ, á máa kọ ọ́. Bó bá ń fún ọmọ lọ́yàn, á máa kọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á wá jókòó sínú àga yẹn, á fẹ̀yìn ti àwo, á máa kọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ẹ̀yìn àga ni ó wà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ aṣọ ojú àga náà, èmi nìkan, ilẹ̀kùn ní títì. Àwọn ọmọ ní ìfẹ́ ni. Wọ́n ní, "Ẹ wo bí Bàbá ṣe ń tọ́jú àga Màámi."

Ní ti Aláago, mi ò bá a jà. Mo kàn ń kí i bí ẹni ń kí agbowó-orí. Nígbà tí aago ara ògiri wa dúró ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìyàwó mi ní kí n gbé e sọdá lọ bá a.

"Aago yẹn ń sinmi ni," ni mo sọ.

Ó ti sinmi fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n báyìí.

Ọdún kejì tí a dé ilé yẹn ni àṣírí kékeré kọ́kọ́ tú. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ìròyìn mi, ojú mi le koko. Ìyàwó mi ń kọjá pẹ̀lú garawa omi. Ó dúró, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yí i padà kí orí rẹ̀ lè wà lókè, ó dá a padà fún mi, ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ. Kò mẹ́nu bà á láé. Èmi náà ò sọ ọ́.

Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, mo bínú sí ara mi, mo kọ́ ìwé kíkà. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo mọ ohun tí pátákó ṣọ́ọ̀bù Aláago ń wí, nítorí náà mo mọ̀ pé àmì tó ṣáájú níbẹ̀, A ni. Ọwọ́ ọ̀tá mi ni mo ti gba lẹ́tà àkọ́kọ́. Èyí tó kù, inú àga ni mo ti rí i, torí ìwé ìròyìn àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bo àga láyé ijọ́un máa ń kì sínú rẹ̀. Ó gbà mí ní ọdún méjì. Ọjọ́ tí mo ka ojú ìwé kan já, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ìjọba náà ni lóòótọ́.

Ẹ̀yin náà ti mọ ìdánwò tó dé. Mo ti lè kàwé. Ìlà mẹ́rin wà nínú yàrá mi, ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló kù kí n fi tú u. Lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ìyàwó mi lọ kí àbúrò rẹ̀, mo mú ọ̀bẹ, mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn àga yẹn. Ọwọ́ mi ò lọ. Ẹ̀rù orúkọ ló bà mí. Ìfura lásán ṣeé gbé. Bí mo bá kà á pẹ̀lú ojú ara mi, ibo ni mo fẹ́ gbé e sí? Mo dá ọ̀bẹ padà.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

"Nǹkan kan ń gún mi léjìká nínú àga yìí."

"Ẹ̀yìn yín ló ti dàgbà," ni mo fi dá a lóhùn, mo ń fi "yín" pọ́n ọn lé kó má bàa bínú.

"Ẹ̀yìn mi ti dàgbà, ó wá hu etí mímú?"

Mo ní màá ra àga mìíràn. Ó ní òun ò fẹ́. Mo ní màá fi ìrọ̀rí sí i. Ó ní ẹni tó ń bo àga fún gbogbo ìlú ló wá ń fi ìrọ̀rí ṣe oògùn fún ti ìyàwó rẹ̀. Mo ní mi ò ráyè. Mi ò ní iṣẹ́ kankan nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì mọ̀.

Àwo ti bọ́ kúrò nínú aṣọ àpò tó ti jẹrà, ó ti ń yọ etí. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òtítọ́ ò sì sáré. Ó kàn ń gún ìyàwó mi léjìká.

Àkọ́bí mi obìnrin kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, ó sì ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ, bí mi ò tilẹ̀ tí ì sọ ọ́ fún un. Òun ni ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè. Wọ́n dúró kí n jáde lọ ra òwú ìránṣọ.

Nígbà tí mo fi máa padà dé, àga ti wà ní àgbàlá, ní ọ̀sán gangan, wọ́n ti dojú rẹ̀ dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ mi kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá," ó ní, kò wò mí lójú, "ìgbà wo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwo orin ṣe tìmùtìmù?"

Ìyàwó mi ti gba páálí náà. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Ó wo àga. Ó wò mí.

"Bàbá wọn, páálí tó fọ́ nìyí?"

Òwú ìránṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń yí lọ sídìí kànga.

"O jẹ́ kí n fẹ̀yìn ti orin mi fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n?"

Ẹ gbọ́ "o" yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, ì báà wù kí n ti bí i nínú tó. Mo mọ̀ pé òrùlé ti ká. Mo wá ṣe ohun tí ẹlẹ́bi máa ń ṣe: mo pariwo.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa gbọ́ orin àlè nínú ilé tí mo ń sanwó rẹ̀? Lọ pe Aláago, kó wá ka ohun tó kọ!"

"Aláago?" ó ní. "Aláago wo?"

"Aláago tó mọ ijó jó!"

Ọmọ mi rọra gbé òòlù sílẹ̀. "Màámi, kí ni Bàbá ń sọ?"

Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi. Ó ń wò mí, mo sì rí i tí nǹkan kan ń fà á létí ẹnu. Ó na páálí náà sí mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe nà án ní Sátidé ọjọ́ yẹn.

"Gbà, kà á. O ti mọ̀wé báyìí."

Mo wọ awò ojú mi. Yíǹkì náà ti ṣá, ṣùgbọ́n ó hàn. Èmi kì í yára kàwé, ìka mi ni mo fi ń tọ̀ ọ́. Mo kà á sókè, kí wọ́n má bàa ní mo fo nǹkan kan:

"Orin tí ẹ fi ń bá àga jó nìyí, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí yín. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá a. Bí ẹ bá rántí, ẹ gbé e sí i lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má sọ nǹkan kan. Kí ẹ wá fi mí rọ́pò àga."

Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo yí páálí náà síwájú sẹ́yìn, mo ń wá Aláago.

"Àga wo?" ni mo wí níkẹyìn. "Èmi kì í jó."

"O kì í jó níbi tí wọ́n bá ti ń wò ẹ́," ìyàwó mi ní. "Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kí n wá wá ẹni tó máa bo àga ibi iṣẹ́ wa. Rédíò ń kọrin. O ti bo àga kan tán, o gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ò ń yí i, ò ń yí tẹ̀ lé e, ìṣó kún ẹnu ẹ. Mi ò rí ọkùnrin tó jó bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúró kí orin tán kí n tó kí ẹ."

Ìgbà yẹn ni mo rántí ìṣó tí mo gbé mì.

Kì í ṣe ẹwà. Wọ́n ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń jó ni.

"Mi ò mọ̀wé nígbà yẹn," mo sọ fún un, níwájú ọmọ wa.

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tí mo bá ẹ yí ìwé ìròyìn padà ni mo mọ̀. Àwo ti fọ́ nígbà yẹn, o ní ó fọ́. Mo ní kí n má dójú tì ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi jowú ara mi.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sínú òwú tó tú jáde lẹ́yìn àga. Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Orí àpótí ló ń jókòó sí, ó ní òun ò tún ní fẹ̀yìn ti ohunkóhun tí mo bá bò.

Ìjìyà tèmi ni kí n sọdá títì. Ṣéńjà wa ti kú tipẹ́. Ti Aláago nìkan ló kù ládùúgbò. Mo dúró níwájú tábìlì rẹ̀, mo ka ẹ̀ṣẹ̀ mi láti òkè dé ilẹ̀. Ó yọ awò kúrò lójú ọ̀tún.

"Nítorí náà ni o ṣe ń kí mi bí ẹni ń kí agbowó-orí?"

"Nítorí náà ni."

"Èmi àti ìyàwó ẹ?"

"Dákẹ́, jọ̀ọ́."

"Ẹnu-Ìṣó," ó ní, "obìnrin yẹn ò fi ìgbà kan wo bàtà mi rí. Mo sì máa ń kùn wọ́n." Ó jọ pé ìyẹn ló dùn ún jù. "Gbé aago ògiri yín wá lọ́la. Etí mi ti ń yún mi lórí aago yẹn láti ọjọ́ tó ti dákẹ́."

Ní Sátidé, aago mẹ́rin, Aláago fúnra rẹ̀ ló ru ṣéńjà wá. Ọmọ mi nu àwo náà. Etí àwo ti sán níbi tó ti ń gún ìyá rẹ̀ léjìká, nítorí náà fèrè ìbẹ̀rẹ̀ ò lè dún mọ́. Abẹ́rẹ́ fò kọjá rẹ̀, ó bọ́ sí ohùn ọkùnrin náà lójijì. Mi ò sọ nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ fún mi. Mo lọ síwájú àpótí tí ìyàwó mi jókòó sí, mo na ọwọ́.

Ó jẹ́ kí n nà án fún ìgbà díẹ̀. Ó tó sí mi.

Lẹ́yìn náà ló dìde.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni. Kò bá òòlù mu, ṣùgbọ́n ó bá orúnkún àgbàlagbà mu dáadáa. Mo yí i díẹ̀, bí mo ti máa ń yí àga.

"Ẹ má tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ o, Bàbá wọn," ó ní.

Ẹ gbọ́ "ẹ" yẹn.

Mo ti jókòó, mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí mo mọ ìṣirò báyìí náà. Ohun tó sọnù rèé. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹgbẹ̀sán ó dín méjìlélọ́gbọ̀n. Fèrè ìbẹ̀rẹ̀ orin kan. Aṣọ pupa ọ̀pá mẹ́ta. Ìṣó kan.